Òfin Tí Gbogbo Ìlú Yìn

Ní ọdún tí àwọn ológun tún gba ìjọba, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ṣakí, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn ti ń kó èrò. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú ń rò nígbà náà, kó má wulẹ̀ dààmú lọ sí ààfin. Kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Àwọn awakọ̀, àwọn aláàárù, olùkọ́ tó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀, obìnrin tó mú bùbá wá kí n bá òun tú u fẹ̀, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀, èmi sì ń wa ẹ̀rọ mi. N kì í sì í dákẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá mi sọ ọ́ títí ó fi sú u pé ẹnu mi yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́ nílé ọkọ, ó sì rí bẹ́ẹ̀, torí kò pẹ́ tí mo fi kó ẹrù mi padà sílé bàbá mi.

Òfin kan ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn lásìkò yẹn. Rédíò ní ìjọba lè mú ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fura sí pé ó fẹ́ da ìlú rú, kí wọ́n tì í mọ́lé, kí wọ́n má sì gbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Ọtẹlẹ̀múyẹ́ lè wọ ilé onílé nígbà tó bá wù ú. Inú ìlú dùn sí i. Ẹ má bínú sí wọn jù, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Lókè Ọya, àwọn kan tó ní àwọn nìkan ló mọ Ọlọ́run ti gbé idà àti ọfà sí àwọn aládùúgbò wọn, wọ́n ti dáná sun ọjà, àwọn ọmọ Ṣakí tó ń ṣòwò níbẹ̀ sì sá wálé pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn. A gbọ́ pé àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ náà ti fọ́n ká, pé wọ́n ń gba ọ̀nà Ìgbẹ́tì wọ ilẹ̀ wa. Àwọn tí kì í ti ilẹ̀kùn rí bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Bàbá mi ló yin òfin náà ju gbogbo wọn lọ, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ní ọdún tó ṣáájú, àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ wọn dúró lọ́nà Ìsẹ́yìn, wọ́n ní kí gbogbo èrò dojú bolẹ̀ nínú eruku. Àgbàlagbà tó ti lọ sí Mẹ́kà, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló gbé ẹsẹ̀ lé e lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí rédíò bá ti ń ka òfin líle, ojú rẹ̀ á máa tàn. Ó ní ẹni tí kò jẹ gbì kò ní kú gbì. Mo ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ó ní kí n lọ bá ẹ̀rọ mi, pé ẹnu arúfín nìkan ló ń kan nígbà tí òfin bá dé. A jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni nígbà náà.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, kì í dá sí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀. Iṣu ló ń tà. Ó ń rà á lóko ní Tẹ̀dé àti Komu, ó sì ń fi ọkọ̀ kó o lọ sókè Ọya. Nígbà mìíràn ó lè lo oṣù kan kó tó dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ga, ó dúdú, ó ń dán, bó bá sì ń rẹ́rìn-ín, ìka ló fi ń bo ẹnu bí ọmọge. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó sì ti lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Ìgbòho láti bímọ. Kò ní rédíò mọ́, ó ti ta á torí ó ní bátìrì rẹ̀ ti ń jẹun ju ọmọ lọ. Aago ọwọ́ rẹ̀ náà ti bọ́ sómi ní ọ̀nà Kíṣì, kò sì ra òmíràn. Oòrùn ló ń wò láti kírun, bí bàbá tó bí i ṣe ń ṣe.

Àṣé rédíò àti aago lè di ẹ̀sùn. Wọ́n ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jà lókè Ọya yẹn kì í gbọ́ rédíò, wọn kì í sì í so aago, wọ́n ní nǹkan kèfèrí ni. Ní ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tó ń dúró de agbádá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàwàdà, ó ní ká máa ṣọ́ àwọn èèyàn wa o, torí òun mọ ọkùnrin kan tó ń kó iṣu lọ sókè Ọya, tí kò ní rédíò, tí kò sì ní aago. Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ẹni tó ń bá wí. Mo ká agbádá rẹ̀ tí n kò tíì rán tán, mo jù ú sí i lára, mo ní kó gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Wọ́n bẹ̀ mí títí. Àwàdà ni, wọ́n ní, kí ló dé tí inú mi máa ń tètè ru bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀, àwọn mìíràn jẹ́ èrò ọkọ̀ tí n kò mọ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n wá. Ìkórè ń lọ lọ́wọ́, gbogbo ilé ti lọ sóko tàbí sọ́jà, àwọn ìyá wa kan sì wà lórí àpáta níbi tí wọ́n ti ń sá iṣu èlùbọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nílé. Ọmọ Tẹ̀dé ni, kò tíì pé ọdún kan tí a gbé e wọlé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó ń pe orúkọ àna wọn gbuurugbu lójú ọ̀nà lè má mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí nílé ọkọ kó tó dé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Yóò wá orúkọ tó dùn fún un ni. Èmi jẹ́ Àǹtí Aláràńbarà lẹ́nu rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju orúkọ mi lọ. Adúmáadán ló ń pe Bàbá Kékeré. Bó bá fi àṣìṣe pe orúkọ wọn gan-an, ojú yóò gbà á tì, àwọn ìyàwó ilé tó ṣáájú rẹ̀ yóò sì bi í bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé ni.

Ọkùnrin méjì ni wọ́n, wọn ò wọ aṣọ iṣẹ́. Bí ó ṣe ròyìn rẹ̀ fún wa nìyí. Wọ́n béèrè ẹni tó ni yàrá tí wọ́n tì. Ó ní Adúmáadán ni. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, ó wolẹ̀, ó ní òun ò lè pè é. Wọ́n béèrè orúkọ olórí ilé, ó ní Bàbá. Wọ́n béèrè ti ọkọ rẹ̀, ó ní Olówó Orí Mi. Bí wọ́n ṣe ń bínú ni ẹ̀rù ń bà á, bí ẹ̀rù sì ṣe ń bà á ni ó túbọ̀ ń di àṣà mú, torí kò sí ohun mìíràn tí wọ́n kọ́ ọ láti dì mú. Níkẹyìn, ọ̀kan ka orúkọ Bàbá Kékeré jáde, ó ní ṣé ọkùnrin yìí ń gbé nílé yìí àbí kò gbé ibẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Wọ́n já ilẹ̀kùn. Wọ́n tú yàrá náà, wọ́n kó ìwé àdúrà rẹ̀ àti ìwé tó ń kà láti ìgbà tó wà nílé kéwú. Wọ́n wọ yàrá ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi àti Bàbá Kékeré, níbi tí àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ pàápàá ń kánlẹ̀kùn ká tó wọ̀. Wọ́n da àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ tó fi pamọ́ de ọjọ́ ikú rẹ̀ wà nínú rẹ̀, funfun, tó ti kó lófínńdà sí. Nígbà tí ìyá àgbà dé láti orí àpáta tó bá a nílẹ̀, tí ipa bàtà wà lórí rẹ̀, ó jókòó tì í. Mo ti rí ìyá yìí níbi òkú ọmọ rẹ̀, n kò rí i kó rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n mú Bàbá Kékeré ní gáréèjì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú mi ló ṣe. Mo sáré jáde tòun ti sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, mo ń béèrè ohun tó ṣe. Ó ní kí n padà, pé wọn yóò gbọ́ tẹnu òun, kò ní pẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka bo ẹnu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi dé fìlà tó fi lọ sí Mẹ́kà, ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Kò sí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé àṣìṣe ni, pé òfin ò ní ṣi ènìyàn mú pẹ́. Ó padà dé lọ́sàn-án, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti sọ fún un pé ilé wa jẹ́ ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń jẹ́ orúkọ bòńkẹ́lẹ́, pé obìnrin kan nínú ilé náà kọ̀ láti sọ ẹni tó ń gbébẹ̀, ó sì wà nínú àkọsílẹ̀. Bàbá mi ṣàlàyé àṣà fún wọn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí ni tiẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti sọ ọ́ ni kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Àwọn ìyàwó ilé sọ pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ìyàwó tuntun tó bá gbé orúkọ ọmọ ọkọ lọ pè níwájú ọlọ́pàá, ojú wo ló fẹ́ fi máa gbé láàárín wọn? Ọmọbìnrin náà wà ní kọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ló kó bá ilé. Mo ní kì í ṣe òun. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà títí ohùn mi fi há. Ìyá àgbà ló parí ọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Bí ẹ̀gàn bá wà nínú pípè rẹ̀, èmi fi orí ara mi gbà á. Lọ pè é, ìyàwó wa.”

Bàbá mi, èmi àti ìyàwó wa la jọ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọtẹlẹ̀múyẹ́ náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, òun ló sì dùn mí jù. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó fi ìborùn bo ojú, ó pe orúkọ Bàbá Kékeré, ti kéwú àti ti ilé, pẹ̀lú ohùn tí kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. Ọkùnrin náà ní kó gbé ohùn sókè. Ó tún un pè. Ọkùnrin náà tún ní kó pè é. Bàbá mi yíjú sí ògiri.

Mo bi ọkùnrin náà bóyá ìyá tirẹ̀ máa ń pe orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀.

Ó ní, “Kì í pè é. Mo mọ̀ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni mo kọ, òfin ò sì ní kí n kọ ìdí rẹ̀.”

Mo ní ṣé ó ti wá tán báyìí, ṣé a lè mú èèyàn wa lọ. Ó ní wọ́n ti gbé e lọ sí Ìbàdàn láti àná, kò sí lọ́wọ́ àwọn mọ́. Bàbá mi béèrè ọjọ́ tí yóò dé ilé ẹjọ́. Ó ní kò di dandan kó débẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi wá, bí ẹni tó kàn ń tàkúrọ̀sọ, pé kí ló dé tí ọkùnrin olówò bẹ́ẹ̀ kò ní rédíò àti aago. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí bẹ́ǹṣì mi ni, ó ti rìn jìnnà kó tó dé orí tábìlì yẹn, n kò sì lè mọ ẹni tó gbé e.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè wo ẹni tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Mo ń wọn èjìká ènìyàn, mo ń rò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ni. Awakọ̀ aláwàdà yẹn wá kí wa pẹ̀lẹ́, omi wà lójú rẹ̀, n kò mọ̀ bóyá kí n gbà á tàbí kí n gún un nímú. Àwọn yòókù ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí mi ni, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn. Wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tó ń ṣe ní gbogbo oṣù tó ń lò lókè Ọya. Àwọn tó ti jẹ iṣu rẹ̀, tí òun náà ti bá wọn gbé òkú, ló ń sọ ọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó wà nínú ìṣòro, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìbínú mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń já òwú lórí ẹ̀rọ, mo sì ba aṣọ oníbàárà jẹ́ níye ìgbà.

Ìyàwó rẹ̀ bímọ ní Ìgbòho, ọkùnrin ni. A lọ síbẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí alùfáà béèrè orúkọ tí bàbá ọmọ fẹ́, bàbá mi ló sọ ọ́. Bí a ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, n kò yọ bàbá mi lẹ́nu, torí n kò fẹ́ máa sọ ọ́ fún un pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Ṣakí. Ó ní, “Mo rò pé torí àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ṣe òfin yẹn.”

Ó lọ sí Ìbàdàn, ó lọ, ó lọ, ó ń gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ń gba oúnjẹ náà, wọn ò jẹ́ kó fojú kan àbúrò rẹ̀. Kò gbọ́ rédíò mọ́. Bí wọ́n bá tàn án nílé, yóò dìde jáde. Ìyá àgbà fọ aṣọ inú àpótí rẹ̀ léraléra, ó ní ipa bàtà náà ò tíì lọ, bẹ́ẹ̀ àwa ò rí nǹkan kan lára rẹ̀ mọ́.

Òjò ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó tú Bàbá Kékeré sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn kan ló já a sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ ọjà, n kò sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Aṣọ tí wọ́n fi mú un ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó wá ń fì lára rẹ̀ bí aṣọ àyálò. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Mo ké, mo dì mọ́ ọn, mo sunkún mọ́ ọn láyà láàárín gáréèjì. Ó béèrè ìyàwó rẹ̀. Mo ní ó ti bímọ, ọmọ náà ti ń rákò. Ó ní ó dára.

Gbogbo gáréèjì ló ya bò ó. Ayọ̀ wọn kì í ṣe ẹ̀tàn, wọ́n gbé e lọ́wọ́ sókè, ẹnìkan ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Olùkọ́ tí mò ń rán ṣòkòtò fún wá sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ. Ó ní ṣé a wá rí i pé òfin náà dára, torí bí ọkùnrin yìí bá jẹ̀bi, wọn kì bá tí tú u sílẹ̀. Wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń mi orí. Ojú Bàbá Kékeré ni mò ń wò, mo ń retí kó sọ tirẹ̀ fún wọn.

Ó ní, “Òótọ́ ni. Òfin tó dára ni.”

Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, pé ó fẹ́ tètè délé. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ káàkiri. Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí láìjẹ́ pé wọ́n bi í. Ó sọ ọ́ fún àwọn àgbẹ̀ tó ti ń ra iṣu lọ́wọ́ wọn. Ó ra rédíò tuntun, ó so aago, ó sì ń gbé rédíò náà síta kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ọ. Àwọn ará ìlú ní ọgbọ́n ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó kàn gan-an ló ń jẹ́rìí yìí, kí ni àwa tó kù fẹ́ máa sọ?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo gbé iyán lọ fún un nínú yàrá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé láti mọ́ṣáláṣí, àwọn ará ilé yòókù ò tíì dé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo yí rédíò náà pa, mo kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ó ku àwa méjì, kó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún mi, kó má dá a gbé.

Ó kọ́kọ́ wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń bá èrò rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀.

“Wọn ò fìyà jẹ mí. Òfin tó dára ni.”

Mo ní, “Bàbá Kékeré, èmi ni o. Ọmọ yín ni.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ìjọba ń gbìyànjú.”

Ó na ọwọ́, ó tún tan rédíò. Ọkùnrin yìí ló máa ń gbé mi kọ́rùn bí a bá ń lọ sóko nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ń wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù èmi gan-an ló ń bà á, pé èmi náà lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.